Abẹ́rẹ́ Ìdènà Ìrora Lẹ́yìn Ìpààrọ̀ Orúnkún: Bí Aláìsàn àti Ará Ilé Rẹ̀ Ṣe Lè Lò Ó Dáadáa

Ìrora tó máa ń le jù fún ẹni tí wọ́n bá pààrọ̀ orúnkún rẹ̀ kì í ṣe ti orí tábìlì iṣẹ́ abẹ, nítorí pé níbẹ̀, wọ́n ti kùn ún lóorun tàbí kí wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn tí ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ yóò fi kú tipiri. Alẹ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ kejì ni ìrora máa ń dé, ní àkókò kan náà tí àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì ń sọ pé kí aláìsàn dìde, kí ó sì fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀. Orúnkún tí a kò bá máa ká, tí a kò sì máa nà láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè gan, ẹni tí ìrora bá sì dè mọ́ bẹ́ẹ̀dì kò lè ká a. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà akunilóorun fi ń fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tó ń dí ọ̀nà tí ìrora ń gbà láti orúnkún lọ sí ọpọlọ, èyí tí wọ́n ń pè ní nerve block. Àwọn aláìsàn tiwa a máa pè é ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ẹsẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń gbé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ eegun wá. Nínú gbogbo ohun tí ojú mi ti rí níbẹ̀, kò wọ́pọ̀ kí abẹ́rẹ́ yìí fúnra rẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀. Ohun tó ń fa wàhálà ni pé aláìsàn àti ará ilé rẹ̀ kò mọ aago tí abẹ́rẹ́ náà wọlé, wọn kò sì mọ aago tó ṣeé ṣe kí ó jáde. Nítorí aago yẹn ni mo ṣe kọ èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n óò kọ́kọ́ sọ ohun tí abẹ́rẹ́ náà jẹ́.

Iṣan wo ni wọ́n ń gún?

Ọ̀rọ̀ náà, iṣan, ló ń kó àwọn ènìyàn láyà sókè. Nínú èdè wa, iṣan ni ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ni ohun tó so ẹran mọ́ eegun, iṣan náà sì ni fọ́nrán tó ń gbé ìròyìn láàárín ara àti ọpọlọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, n óò sì máa pè é ní iṣan ìmọ̀lára kí ó má baà dàrú mọ́ àwọn yòókù. Dókítà kì í gún abẹ́rẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ń da oògùn sí, oògùn náà yóò sì rin ín díẹ̀díẹ̀ títí iṣan náà kò fi ní lè gbé ìròyìn ìrora mọ́ fún wákàtí mélòó kan.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn ènìyàn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ ọmọ kan ní àdúgbò tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ibà ní ìdí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì rọ láti ọjọ́ náà. Ohun tó sábà máa ń fa irú ìyẹn ni pé ẹni tó gún ọmọ náà ṣi ibi tó yẹ kó gún, abẹ́rẹ́ sì bá iṣan ìmọ̀lára ńlá tó gba ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Ní ti orúnkún, dókítà a máa fi ẹ̀rọ sikáànù, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún, wo abẹ́ awọ kí ó tó gún un, á sì máa wo orí abẹ́rẹ́ náà bó ṣe ń lọ. Ewu kò tìtorí ìyẹn tán pátápátá. Àwọn kan wà tí ojú ibì kan lẹ́sẹ̀ wọn máa ń kú tàbí kí ó máa ta wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí yóò sì lọ fúnra rẹ̀. Èyí tí kì í lọ mọ́ ṣọ̀wọ́n gan-an. Ilé ìwòsàn tí kò ní sikáànù náà wà, wọ́n sì lè lo ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi iná mànàmáná fẹ́ẹ́rẹ́ ta iṣan náà jí, kí wọ́n lè mọ ibi tó wà. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n fẹ́ lò. Kì í ṣe àfojúdi.

Oògùn inú abẹ́rẹ́ náà bá èyí tí dókítà eyín fi ń pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ kú tan. Ní ọdún 1884 ni Carl Koller, dókítà kan ní ìlú Vienna, fi hàn pé kokéènì lè pa ojú kú kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ sí i, láti ìgbà náà sì ni wọ́n ti ń wá oògùn tí yóò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsọ ènìyàn di ẹrú rẹ̀. Bupivacaine, tí wọ́n ṣe jáde ní 1957, àti àbúrò rẹ̀ ropivacaine, ni wọ́n sábà máa ń lò fún orúnkún lónìí, nítorí pé wọ́n ń pẹ́ lára ju lidocaine, tí àwọn dókítà eyín sábà máa ń lò, lọ.

Ibi tí wọ́n ń gún un sí ló gba àfarabalẹ̀. Orúnkún dà bí ọjà tó ní ẹnu ọ̀nà púpọ̀: iwájú rẹ̀ àti apá inú rẹ̀ wà lábẹ́ iṣan ìmọ̀lára kan tó sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú itan, ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà lábẹ́ ẹ̀ka iṣan ńlá tó gba ìdí wá. Nígbà kan rí, òkè itan, níbi tí itan ti pàdé ikùn, ni wọ́n sábà máa ń gún. Abẹ́rẹ́ ibẹ̀ ń pa ìrora dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń pa agbára ẹran iwájú itan pẹ̀lú, ẹran yìí kan náà ló sì ń mú orúnkún dúró gírí nígbà tí a bá ń rìn. Aláìsàn á rò pé ẹsẹ̀ òun ti dá, á gbé e lélẹ̀, orúnkún á sì yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 2010 ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí àárín itan ní apá inú, níbi tí èyí tó pọ̀ nínú àwọn ẹ̀ka tó ń fún ẹran itan lágbára ti yà kúrò, tó sì jẹ́ pé ẹ̀ka ìmọ̀lára ló kù jù níbẹ̀. Adductor canal block ni orúkọ tí ẹ óò gbọ́ lẹ́nu wọn. Ẹsẹ̀ kì í rọ tó ti àtẹ̀yìnwá, bẹ́ẹ̀ ni ìrora iwájú orúnkún ń rọlẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà ṣì ṣí sílẹ̀. Fún ìrora tó ń wá láti ẹ̀yìn orúnkún, dókítà lè gún abẹ́rẹ́ kejì tí wọ́n ń pè ní iPACK, oníṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ sì lè da oògùn yíká orúnkún láti inú kí ó tó rán an. Wọn kì í sábà fẹ́ pa iṣan ńlá ìdí fúnra rẹ̀, nítorí pé oníṣẹ́ abẹ ń fẹ́ kí aláìsàn gbé àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè lẹ́yìn iṣẹ́, kí ó lè dá a lójú pé iṣan ibẹ̀ kò farapa. Nítorí náà, ẹ má ṣe retí pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo yóò pa gbogbo ìrora orúnkún. Bí ẹ̀yìn orúnkún bá ń dun ènìyàn díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àárín itan, ìyẹn kò sọ pé abẹ́rẹ́ náà kò jẹ́.

Kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé

Dókítà akunilóorun yóò wá bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ṣáájú, nígbà mìíràn ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà gan-an. Ìjíròrò yìí kì í pẹ́, nítorí náà ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ sórí ìwé. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, clopidogrel, rivaroxaban tàbí aspirin. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín, torí pé ẹni tí wọ́n ń fún ní irú rẹ̀ nítorí àìsàn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ lè kó sínú ewu mìíràn. Dókítà ni yóò sọ ọjọ́ tí ẹ óò dúró àti ọjọ́ tí ẹ óò padà. Ẹ sọ ti àgbo pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti àwọn ìyá wa láti jẹ́wọ́ àgbo làkúrègbé níwájú dókítà, ṣùgbọ́n àwọn ewé àti egbò kan lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà ju bó ti yẹ lọ, àwọn alágbo kan sì ń po oògùn òyìnbó mọ́ tiwọn láìsọ fún oníbàárà.

Bí ẹsẹ̀ bá ti ń kú tàbí tí ó ti ń ta yín tẹ́lẹ̀, bó ṣe máa ń rí fún ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá fínra láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ sọ ọ́. Bí a kò bá sọ ọ́ ṣáájú, abẹ́rẹ́ ni a óò dá lẹ́bi nígbà tó bá yá. Ẹ sọ bí oówo tàbí egbò bá wà ní itan, ẹ sì sọ bí abẹ́rẹ́ dókítà eyín bá ti ṣe yín ní ibi rí. Ní ti oúnjẹ, òfin tó wọ́pọ̀ ni pé kí oúnjẹ dúró ní wákàtí 6 ṣáájú, kí omi lásán sì dúró ní wákàtí 2 ṣáájú, ṣùgbọ́n ohun tí ilé ìwòsàn yín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin náà ni kí ẹ béèrè. Níbo ni ẹ máa gún? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, àbí ẹ máa fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí oògùn á máa gbà wọlé sílẹ̀ níbẹ̀? Ṣé itan mi máa rọ? Aago mélòó ló ṣeé ṣe kí ó kúrò lára mi? Oògùn wo ni n óò lò kí ó tó kúrò, ta sì ni yóò fún mi lóru? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn ènìyàn kì í sábà rántí, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù. Bí ó bá jẹ́ pé àpò ara yín ni owó ti ń jáde, ẹ béèrè bóyá owó abẹ́rẹ́ náà wà nínú iye tí wọ́n kọ fún yín, kí ẹ sì ra àwọn oògùn oníhóró tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ ní ọ̀sán, kí ilé oògùn tó tì.

Nígbà tí wọ́n bá ń gún un

Ojú aláìsàn sábà máa ń là sílẹ̀. Wọ́n á so ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá, wọ́n á fi ohun kékeré kan há a ní ìka, wọ́n á sì fa omi sí i lọ́wọ́. Ẹ rí i dájú pé wọ́n ti fi bírò sàmì sí ẹsẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe, kí aláìsàn sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé ọ̀tún ni tàbí òsì kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti dá ìpolongo kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Stop Before You Block nítorí àṣìṣe yìí nìkan, tí wọ́n fi ń sọ fún àwọn dókítà pé kí wọ́n dúró díẹ̀, kí wọ́n tún wo àmì ara ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń nu itan máa ń tutù. Abẹ́rẹ́ kékeré á kọ́kọ́ pa awọ kú, èyí tó bá tẹ̀ lé e kì í sì sábà dunni, ó kàn máa ń dà bí ẹni pé wọ́n ń ti ènìyàn níbẹ̀ ni.

Kí aláìsàn má ṣe pa á mọ́ra ní àkókò yìí. Bí ìrora bíi ti iná bá ta láti itan lọ sí ẹsẹ̀, kí ó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, torí ó lè jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ti sún mọ́ iṣan jù. Bí ẹnu rẹ̀ bá ń ṣe é bí ẹni lá irin, bí etí bá ń hó, bí ètè bá ń kú, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, kí ó sọ ìyẹn náà kíákíá. Àwọn àmì wọ̀nyẹn lè fi hàn pé oògùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè yọrí sí gìrì tàbí kí ó kọ lu ọkàn. Ó ṣọ̀wọ́n, oògùn funfun ọlọ́ràá kan tí wọ́n ń pè ní lipid emulsion sì wà tí wọ́n ń fà sí ara láti fi gbà ènìyàn là. Ibi tí wọ́n bá ti ń gún irú abẹ́rẹ́ yìí, ó yẹ kí ó wà ní àrọ́wọ́tó.

Àwọn wákàtí tí ẹsẹ̀ kò mọ nǹkan

Bí ó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ẹsẹ̀ méjèèjì ni yóò kọ́kọ́ kú. Láàárín wákàtí mélòó kan, ẹsẹ̀ tí wọn kò fọwọ́ kàn yóò jí, èyí tí wọ́n ṣe náà yóò sì lè mì, ṣùgbọ́n iwájú orúnkún àti apá inú ojúgun ṣì lè wà ní kíkú. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ló ti lọ. Abẹ́rẹ́ itan ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ ìyàtọ̀ yìí, wọ́n á ní gbogbo abẹ́rẹ́ ti tán, ara àwọn sì le.

Ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan kò ṣeé fọkàn tán. Baba kan wà lọ́dọ̀ wa tó jí ní ìdájí láti ṣe àlùwàlá. Ọmọ tó ń ṣọ́ ọ ti sùn lọ lórí àga, baba sì rò pé kò dáa kí òun jí i. Ó fi ẹsẹ̀ tó dá sọ̀ kalẹ̀, ó fi èkejì tẹ̀ lé e, orúnkún tuntun náà sì ká lábẹ́ rẹ̀ bí ewé. Orí ló yọ ọ́ tí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fi gbé e dúró. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún àwọn bàbá wa ní ìrọ̀lẹ́ pé a óò gbé omi wá bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, àti pé ẹni tí ara rẹ̀ kò yá lè jókòó kírun. Kí aláìsàn tó dìde rárá, kí ó na ẹsẹ̀ náà gbọọrọ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ó gbé gìgísẹ̀ sókè, kí ó sì dá a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, ẹran itan rẹ̀ kò tíì jí, kò sì gbọdọ̀ gbé ara lé e. Bí ó bá lè ṣe é náà, ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin àti ènìyàn tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú aláìsàn gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun kejì tí mo ń ṣọ́ lójú méjèèjì ni ṣágo omi gbígbóná. Ìfẹ́ ló ń mú un wá: ìyàwó ilé tàbí àbúrò á gbé e dé láti ilé pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì àti ìpara aboníkì, á ní òun fẹ́ fi omi jó ẹsẹ̀ náà kí ara lè tù ú. Ẹsẹ̀ tó kú kò lè sọ fún yín pé omi ti gbóná jù, awọ á bó kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ṣágo náà dúró fún tíì. Òtútù ló dára fún orúnkún tó wú, òun náà sì ní òfin tirẹ̀. Omi inú ọ̀rá tó ti dì gbagidi máa ń wúlò fún èyí gan-an, bí ẹ bá wé e sínú táwẹ́ẹ̀lì, tí ẹ gbé e lé orúnkún fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, tí ẹ gbé e kúrò, tí ẹ sì wo awọ ibẹ̀ kí ẹ tó tún gbé e padà. Ẹ má ṣe gbé e lé awọ lásán, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí omi rẹ̀ kán sí ojú ọgbẹ́.

Gìgísẹ̀ náà ń fẹ́ àmójútó. Ẹni tí ara rẹ̀ bá mọ nǹkan á máa yí ẹsẹ̀ padà láìrò ó. Ẹsẹ̀ tó kú á tẹ bẹ́ẹ̀dì láti alẹ́ di òwúrọ̀, ibẹ̀ á sì di egbò. Ẹ máa yí ipò rẹ̀ padà ní wákàtí méjì-méjì, kí aláìsàn sì máa gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè sódò bí ẹni ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún gan-an, nítorí yóò gan ní kíká. Abẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi í sí.

Aago

Ìyá kan tí n kò lè gbàgbé ti tíátà dé ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, ó ti jẹ àmàlà tán, ó ń bá ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣàwàdà, ó ní bí òun bá mọ̀ pé báyìí ni ìpààrọ̀ orúnkún ṣe rọrùn, òun ì bá ti ṣe é láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo gbé oògùn dé.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo hóró yìí kí ẹ tó sùn."

"Ọmọ mi, kí ni n óò fi ṣe? Kò dùn mí rárá. Ẹ lọ fún ẹni tó ń jẹ̀rora."

Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé oògùn náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, mo sì bá tèmi lọ. Àṣìṣe tèmi nìyẹn. Ní aago méjì òru, igbe rẹ̀ ló jí gbogbo wọ́ọ̀dù. Ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, òógùn bò ó, oògùn oníhóró tí à bá fi dènà rẹ̀ kò sì lè ká a mọ́ ní wákàtí náà. Abẹ́rẹ́ líle la fi mú un balẹ̀, ó sì bì títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí fisiotẹ́rápì dé ní òwúrọ̀, kò lè jókòó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kì í ṣe àbùkù abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kan sábà máa ń wà lára fún wákàtí 12 sí 24, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Bó bá sì fẹ́ lọ, kì í yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Fún àwọn kan, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìdérí ìkòkò tó ti ń hó lábẹ́lẹ̀. Ara ti wú, ọgbẹ́ ti gbóná, iṣan ìmọ̀lára kàn dákẹ́ ni. Oògùn oníhóró nílò bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan kí ó tó ṣiṣẹ́, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ti wà nínú ara kí iṣan náà tó la ẹnu.

Bí a ṣe ń ṣe é ni pé, ní kété tí aláìsàn bá dé wọ́ọ̀dù, kí ẹnì kan béèrè aago tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ itan, kí ó kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù. Ká ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò láti aago mẹ́wàá alẹ́, ó sì lè di aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Wákàtí yẹn ni nọ́ọ̀sì kì í pọ̀, tí ilé oògùn ti tì, tí ọmọ tó ń ṣọ́ aláìsàn sì ń tòògbé. Paracetamol ni ìpìlẹ̀: hóró 2 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 mg, ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà fún àgbàlagbà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dá tí ara rẹ̀ kò sì tín-ín-rín, kò gbọdọ̀ ju hóró 8 lọ láàárín wákàtí 24. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, èyí tó kàn yóò bọ́ sí aago mẹ́jọ alẹ́, èyí tó tẹ̀ lé e sí aago méjì òru, ẹ jẹ́ kí fóònù jí yín fún un. Ẹ má ṣe fi oògùn ọ̀fìnkìn tó ní paracetamol nínú kún un.

Dókítà lè kọ èkejì mọ́ ọn, bíi celecoxib tàbí diclofenac, èyí tí kò dára fún ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣòjòjò. Ó sì lè kọ oògùn tó le ju ìwọ̀nyí lọ, bíi tramadol, fún alẹ́ àkọ́kọ́ náà. Ó ń múni tòògbé, ó lè mú èébì wá, ó sì ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le, nítorí náà kí omi àti èso pọ̀ lẹ́nu. Kí ọtí má sì bá a pàdé. Iye tí wọ́n kọ ni kí ẹ lò. Èyí tó kù nílé aládùúgbò kì í ṣe tiyín.

Ẹ ṣọ́ra fún "a dúpẹ́". Bí a bá bi àgbàlagbà Yorùbá léèrè pé báwo ni ara, á ní a dúpẹ́, ìbáà jẹ́ pé eyín ló fi ń gé ètè. Èmi kì í béèrè bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo máa ń ní, "Mama, ẹ ká ẹsẹ̀ yẹn díẹ̀ kí n wò ó," mo sì máa ń wo ojú wọn bí wọ́n ti ń ká a. Bí iwájú orí bá ti kíweje, mo ti gbọ́ èsì. Mo tún máa ń bi wọ́n bóyá ibi tó kú tẹ́lẹ̀ ti ń jẹ wọ́n bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Àmì pé iṣan ti ń jí nìyẹn, kò sì yẹ kí a dúró de ìrora mọ́.

Bí ó bá jẹ́ rọ́bà ni wọ́n fi sílẹ̀

Ilé ìwòsàn mìíràn á fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan náà, tí pọ́ǹpù kékeré yóò máa fi oògùn sí i fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ohun tó yí padà kò pọ̀: ẹ máa wo ibi tó wọlé, bóyá ó pọ́n tàbí ó ń tú omi, ẹ má jẹ́ kí ó há mọ́ aṣọ, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fọwọ́ kan pọ́ǹpù náà láìjẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Bí etí híhó tàbí ètè kíkú bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì pàápàá, ẹ pariwo. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ rọ́bà náà ni kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ìṣirò aago lákọ̀tun.

Ohun tí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la

Bí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn bá ti lọ, tí aláìsàn kò sì lè gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè síbẹ̀, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ní wákàtí náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹsẹ̀ bá ń dùn tó bẹ́ẹ̀ tí oògùn kan kò ràn án, tí ó le bí igi tàbí tí ọmọ ìka rẹ̀ tutù, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń yí padà: báńdéèjì lè ti fún jù, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ má rọ́nà kọjá. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun tó ṣàdédé wú lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, àyà tó ń dunni àti èémí tó ń há sì ni èyí tó ń pa ènìyàn nínú rẹ̀. Bí kíkú tàbí àìlágbára abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kan bá kọjá ọjọ́ méjì gbáko, ẹ padà lọ bá dókítà akunilóorun, kì í ṣe alágbo.

Ibi kan wà tí yóò ṣì kú lẹ́yìn tí gbogbo èyí bá ti lọ, èmi ni wọ́n sì máa ń bi léèrè lórí fóònù lẹ́yìn oṣù mẹ́ta: ẹ̀gbẹ́ ojú àpá náà, ní apá òde orúnkún, tó dà bí ẹni pé aṣọ wà láàárín ìka àti awọ. Abẹ́rẹ́ kọ́ ló fà á. Ọ̀bẹ ló gé àwọn fọ́nrán ìmọ̀lára kéékèèké tó kọjá lábẹ́ awọ ibẹ̀, ó máa ń dín kù bí oṣù ti ń gorí oṣù, ó sì lè má tán. Kì í dí ìrìn lọ́wọ́. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kúnlẹ̀ kí ènìyàn ni ẹ óò mọ̀ ọ́n lára jù; nítorí náà, bí oníṣẹ́ abẹ bá ti yọ̀ǹda ìkúnlẹ̀ fún yín, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù, kí ẹ di nǹkan mú, kí ẹ sì kọ́kọ́ wo ilẹ̀ bóyá òkúta tàbí ìdérí kòròfo kò sí níbẹ̀.